Àwọn Ẹyẹ Tí Mo Fún Lórúkọ Ará Ilé Ọkọ Mi

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀ la etí, kó sì dín ẹnu kù. Èmi gbé ẹnu mi lódindi wọ ọkọ̀, etí ni mo gbàgbé sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu yẹn náà ló fà á.

N kò ní sọ bí a ṣe dé ọ̀hún. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àpò iyọ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù rí mọ bó ṣe ń rí. Ẹni tí kò bá jókòó síbẹ̀ rí, kó máa dúpẹ́. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílẹ̀ tiwa àti sílẹ̀ Dàhòmì nígbà náà. Àsíá tuntun wà níbi gbogbo, gbogbo ẹni tó wọ kakí lójú ọ̀nà ló sì rò pé òun gan-an ni wọ́n gbé òmìnira lé lọ́wọ́. Ọkọ mi wá ra ẹja gbígbẹ ní Ẹ̀pẹ́. Ó kó ẹja, ó kó èmi náà mọ́ ọn, ó di Parakú lókè Dàhòmì.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni gbígbẹ. Ní Ẹ̀pẹ́, bí o bá jí, omi ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, kó o tó gbọ́ ohùn ènìyàn. Ní Parakú, ọyẹ́ ló jí mi. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, ọpọ́n igi tí mo gbé láti ilé náà là. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, omi yín dà? Wọ́n na ìka sí kànga. Mo yọjú wò ó. Omi wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó kéré bí ojú ẹni tí oorun ń kùn.

Ìkejì ni pé mo dé ọ̀hún tán ni mo tó gbọ́ pé Ànàgó ni mí. Láyé mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Bí àwọn ará Èkó bá sì fẹ́ bú mi, wọn a ní Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n nínú ọjà Arzèkè, Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá: Bàrìbá ní Ànàgó, Dẹ́ndì ní Ànàgó. Ìgbà tí mo wá gbà, tí mo ní ó dáa, Ànàgó ni mí, obìnrin kan tó ti Kétu wá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ kọ́ jàre. Ará Nàìjíríà ni ọ́.” Mo ní kí gbogbo wọn lọ ṣèpàdé, kí wọ́n wá jíṣẹ́ ohun tí mo jẹ́ fún mi.

Ilé ọkọ mi wà ní àdúgbò Albarika. Ará Ìlọrin ni bàbá ńlá wọn, ṣùgbọ́n Parakú ni wọ́n bí bàbá wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣòwò. Ìyá ọkọ mi ló ni àṣẹ ilé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í pariwo nítorí pé kò sẹ́ni tó jẹ́ kó di dandan. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní lagáàrì, níbi tí ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu ti ń parí ìrìn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ta aṣọ ní Arzèkè, ẹ̀gbẹ́ ibi tí èmi ti ń ta abọ́ tánganran.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, bí ọmọ náà bá ti dáyé kí ìyàwó tó wọlé. Ó ní láti wá orúkọ tó dùn létí fún kálukú. Èyí ọkùnrin, mo pè é ní Akọ̀wé. Ó ga, ó tín-ín-rín, gègé kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, ì báà máa sùn. Èyí obìnrin, mo pè é ní Ìbàdíàrán, nítorí ohun tí Ọlọ́run gbé sẹ́yìn rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn tí eyín rẹ̀ ń tàn, mo pè é ní Eyínfúnjowó. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, ẹ kò ní gbọ́ orúkọ àbísọ wọn lẹ́nu mi. Ìyá tó bí mi kọ́ mi.

Iṣẹ́ kò fún mi ní wàhálà. Abọ́ tánganran, ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń fi ìka kàn án létí kí wọ́n tó rà á. Bó bá dún bí agogo, ó dáa. Bó bá dún bí ikú, ó ti sán nínú. Èdè ni mo bá jà. Mo fi ọwọ́ ṣòwò títí apá ń ro mí. Ọkùnrin Bàrìbá kan dúró níwájú mi pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀, ó fẹ́ ra abọ́ ìyàwó, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe abọ́ ńlá, ó rò pé ìyàwó ni mò ń ṣàpèjúwe, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣàpèjúwe kékeré. A ta ọjà náà ṣá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bú alágbàrù kan ní èdè Dẹ́ndì, tí gbogbo àwọn alágbàrù rẹ́rìn-ín, tí ẹni tí mo bú náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo délé, mo se ìrẹsì fún ara mi bí ẹni ṣọdún.

Ṣùgbọ́n bí ọjà bá tú, mo máa ń wo ara mi bí abọ́ tí wọ́n gbàgbé sí ilé onílé. Wọn kò fọ́ ọ, wọn kò sì lò ó. Ọkọ mi kì í sábàá sí nílé. Ó ń lọ sí Malanville, ó ń sọdá odò lọ sí Níjẹ̀. Ilé kún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé. Bí mo bá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọn a ní, “Háà, ìyàwó, kò ṣeé sọ, àfi kó o wà níbẹ̀.”

Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń gbé wàrà wá sọ́jà ló ń ra abọ́ lọ́wọ́ mi jù. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Díkkò ní kí n gbé ọjà wá sí gáà wọn lẹ́yìn àdúgbò Banikanni, pé àwọn ìyàwó ibẹ̀ pọ̀. Mo gbé igbá lérí, mo tẹ̀ lé e. Bí a ṣe rìn kọjá àwọn igi èmì, mo rí omi.

Omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, kò jìn, kò sì ṣàn. Ó pín sí ojú púpọ̀, bí ẹni pín ọbẹ̀ sí àwo. Etí rẹ̀ funfun. Mo rò pé eérú ni, àfi ìgbà tí mo rí i tí àwọn màlúù ń lá a. Díkkò ní iyọ̀ ilẹ̀ ni, pé ìdí tí àwọn fi tẹ̀dó síbẹ̀ nìyẹn. Mo ti ìka bọ omi, mo fi sẹ́nu.

Kì í ṣe iyọ̀ òkun. Ó rọra dùn, ó rọra korò, bí ọ̀sà wa ṣe máa ń rí ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òkun bá wọlé wá kí i. Mo gbé igbá kalẹ̀, mo jókòó sínú ẹrẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Díkkò béèrè bóyá iyọ̀ ta sí mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ẹyẹ sì wà níbẹ̀. Lékeléke bo ẹ̀yìn màlúù. Àkọ̀ dúró nínú omi bí ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ omi ń rì orí, wọ́n ń na ìdí sókè láìtijú. Àwọn kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ pupa ń sáré kiri etí omi, wọ́n ń ṣá ẹrẹ̀ jẹ bí ẹni tó fẹ́ kí ọjà tú kí òjò tó dé. Lọ́dọ̀ wa, ẹyẹ ni apẹja ń wò kó tó ju àwọ̀n. Ibi tí àkọ̀ bá dúró sí, omi ibẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Ibi tí pẹ́pẹ́yẹ bá ti ń wá ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Màmá mi kì í wo ojú sánmà rárá, ẹsẹ̀ ẹyẹ ló ń wò. Inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó láìmira, kí ẹyẹ má baà mọ̀ pé ènìyàn ni ọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun àárọ̀, mo ti wà lẹ́yìn Banikanni kí n tó lọ sọ́jà. Mo ń jókòó lábẹ́ igi èmì kan, mo ń wò. Bí o bá pẹ́ níbẹ̀, wọn kò jọra wọn mọ́. Àkọ̀ kan wà tó ga, tó rù, tí ìyẹ́ dúdú kan yọ sẹ́yìn orí rẹ̀ bí gègé tí wọ́n há sétí. Kí ni mo tún ń wá? Akọ̀wé ni. Pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan wà tó ń fi ìdí ti àwọn yòókù kúrò nídìí oúnjẹ. Ìbàdíàrán ni. Lékeléke kékeré tó funfun ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, Eyínfúnjowó. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi, omi ni mo wò.

Mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé mo lè purọ́? Ohun tí n kò lè sọ nílé, ibẹ̀ ni mo ń sọ ọ́ sí. “Ìbàdíàrán, oò yó ni? Ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí?” “Akọ̀wé, ọkùnrin tó ga báyìí, o dúró lójú kan láti àárọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo lo pa. Ṣé bí iṣẹ́ ìjọba ṣe rí nìyẹn?” Akọ̀wé a gbé ẹsẹ̀ kan sókè, a ro ó wò, a tún gbé e padà síbi tó wà. Ẹ̀rín a pa mí. N óò délé, n óò bá Akọ̀wé tòótọ́ níbi tó ti ń jẹun, tó ń gbé òkèlè sókè, tó ń ronú kó tó fi sẹ́nu, n óò sì sá wọ yàrá nítorí ẹ̀rín.

Mo rò ó púpọ̀ níbẹ̀. Díkkò ní àwọn míràn nínú àwọn ẹyẹ yẹn kì í ṣe ti ibẹ̀, pé ọyẹ́ ló ń gbé wọn wá, òjò ló sì ń lé wọn lọ. Mo wò wọ́n títí, n kò mọ èyí tó jẹ́ àlejò. Kò sí lékeléke tó bi àkọ̀ pé ọmọ ibo ni ọ́. Ẹni tí omi bá mù dé orúnkún, ó dúró. Ẹni tí kò bá mù, ó tún tẹ̀ síwájú. Mo jowú wọn.

Àṣé ẹnìkan ń gbọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbàdíàrán tẹ̀ lé Díkkò wá sí gáà láti ra wàrà, ó gba ẹ̀yìn igi èmì kọjá, ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó dúró. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń bú ìdí rẹ̀. Ó wo iwájú mi, kò rí ènìyàn, ẹyẹ ló rí. Ó wá gbọ́ tí mo ní, “Akọ̀wé, ìwọ náà wo bó o ti rù. Bó o bá ń ṣe báyìí, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé ọ lọ.”

Ó padà lọ, n kò rí i rárá. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ibà gbé Akọ̀wé ṣánlẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Yorùbá ń rò bí wọ́n bá bá obìnrin nídìí ẹyẹ. Kò sẹ́ni tó pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ sí mi. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí ní yó. Mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ti jẹun. Mo pọnmi, wọ́n dà á nù, wọ́n lọ pọn òmíràn. Eyínfúnjowó tó máa ń sùn lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n ní kó máa sùn lọ́dọ̀ Ìyá. Mo rẹ́rìn-ín sí i lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní, ó mà dáa o, ọbẹ̀ pọ̀ fún èmi nìkan. Ní ọjọ́ kejì, mo da ọbẹ̀ náà nù.

Ní Arzèkè, Ìbàdíàrán gbé àtẹ aṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, “Ìbàdíàrán mi, kí ló dé? Ṣé oòrùn ni?”

Ó ní, “Má pè mí ní orúkọ yẹn mọ́.”

“Kí ni kí n máa wá pè ọ́?”

“Má pè mí rárá.” Ó di aṣọ rẹ̀, kò wo ojú mi. Ó wá sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó lápá kejì, kí n lè gbọ́: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ ohun tó pa ọmọ?”

Mo ní, “Ọmọ wo ló kú?”

Ó ní, “A ń wò ọ́.”

Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ gbọ́, ẹnu mi kì í gbẹ, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó gbẹ ju Parakú lọ. Bí Akọ̀wé bá kú, èmi ni mo pa á. Bí kò bá kú, èmi ni mo tú u sílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì, èmi náà ni.

Àwọn tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ wálé. Ibà náà ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kérora láti yàrá mi, wọn kò sì jẹ́ kí n wọlé kí i.

Ọjọ́ tí èmi àti màmá mi ti dá láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ wá bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ní tẹlifóònù ní Èkó. A ti rán arìnrìn-àjò pé kí Màmá wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà lọ jókòó sí lapọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, láti àárọ̀. Parakú ń pe Kútọnu, Kútọnu ń pe Èkó, Èkó ń pe ta ni. Ní lapọ́ọ̀sì nígbà náà, ẹnìkan kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, ariwo ni wọ́n ń pa, gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì a sì máa gbọ́, wọn a máa dá sí i. Mẹ́ta nínú àwọn obìnrin Arzèkè wà lórí bẹ́ǹṣì náà.

“Màmá! Ẹ kú ìrọ́jú o!”

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni!”

“Èmi wo?”

“Ọmọ yín!”

“Èwo nínú wọn?”

Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mo kígbe pé èyí tó wà ní Parakú, ó ní, “Háà! Ìwọ ni! Kí ló ṣe ohùn rẹ báyìí?”

“Ẹ̀rọ ni, Màmá.”

“Ẹ̀rọ kì í sunkún. Ṣé ara yín le?”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n kígbe sínú lapọ́ọ̀sì pé wọ́n ní ẹyẹ mi ń pa ọmọ wọn? Mo ní, “A dúpẹ́, Màmá.”

“Ṣé wọ́n ń jẹ oúnjẹ rẹ?”

Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn wo ara wọn.

Mo ní, “Wọ́n ń jẹ ẹ́, Màmá.”

“Ṣé omi wà níbẹ̀?”

“Omi wà.”

Ó tún fẹ́ sọ nǹkan kan, mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “Ọmọ mi, bí kò bá—,” ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ Faransé bọ́ sáàárín wa, ọ̀nà já. Mo dúró, mo di ẹ̀rọ mú títí òṣìṣẹ́ lapọ́ọ̀sì fi gbà á lọ́wọ́ mi. Títí dòní, n kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹ́ parí. Mo ti fi oríṣiríṣi ìparí sí i fúnra mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sáré lọ sí etí omi, kì í ṣe láti ṣeré. Mo fẹ́ fojú rí àkọ̀ yẹn. Kò sí níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ńlá wà, lékeléke wà, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pupa wà. Mo yí gbogbo omi náà po, ẹrẹ̀ mù mí dé ojúgun, mo ń wá ẹyẹ bí ẹni ń wá ọmọ. Mo ń pè é: “Akọ̀wé! Akọ̀wé o!” Nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, ẹ̀rù bà mí. Ṣé kì í ṣe òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Ṣé mo mọ ohun tí ẹnu mi ń ṣe bí mo bá jókòó síbí? Obìnrin tí ó ti Ẹ̀pẹ́ wá, tó ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀, ó dúró nínú omi oníyọ̀, ó ń bẹ àkọ̀ pé kó jọ̀wọ́ kó padà wálé.

Mo délé, mo rí i pé wọ́n ti kó ẹrù mi sẹ́nu ọ̀nà. Ìbàdíàrán ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ náà ń lọ sí ìhà Nàìjíríà ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ṣì wà ní Malanville. Nígbà tó bá fi máa dé, yóò bá ilé láìsí ìyàwó, wọn yóò sì ti bá a rò ó parí. Ohun tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: bóyá n óò ṣì jẹ́ ìyàwó ilé yẹn bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí n óò jẹ́ ẹrù nínú ọkọ̀.

Ìyá jókòó lórí ẹní rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, “Mo ti gbọ́ tẹnu ọmọ mi. Tìrẹ ni n kò gbọ́. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tó o dákẹ́ nìyí láti ìgbà tó o ti wọlé.”

Mo ní, “Ìyá, ẹyẹ ni wọ́n.”

“Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni wọ́n. Ta ló ní ewúrẹ́ ni wọ́n? Kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ mi?”

Mo ní, “Àwọn orúkọ tí mo ní nìyẹn, Ìyá. N kò mọ ẹlòmíràn ní Parakú.”

Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. Ó dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Ó ní, “Mú mi lọ.” Ìbàdíàrán pariwo pé kí Ìyá má lọ. Ìyá ní, “Ìwọ náà, gbé gèlè rẹ. O ń bọ̀.”

A rìn gba Banikanni kọjá, àwa mẹ́ta, bí ẹni ń lọ síbi ìsìnkú. Nígbà tí a dé abẹ́ igi èmì, Ìyá fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó wo omi náà fún ìgbà pípẹ́.

“Èwo ni Akọ̀wé?”

Mo wò. “Kò sí níbẹ̀ lónìí, Ìyá.”

“Ẹ rí i!” ni Ìbàdíàrán kígbe. “Ó ti gbé e lọ! Ẹ wá gbọ́ tẹnu rẹ̀!”

“Dákẹ́,” ni Ìyá wí. “Èwo ni tirẹ̀?”

Mo na ìka. N kò ní ìgboyà láti purọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ńlá náà ń jáde nínú omi lọ́wọ́, ó ń mi ìdí sọ́tùn-ún, ó ń mì í sósì, ó sì fi àyà ti ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké ṣubú. Ìyá wo pẹ́pẹ́yẹ. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó tún wo pẹ́pẹ́yẹ. Ó fi etí ìborùn bo ẹnu.

“Ìyá!” ni Ìbàdíàrán wí.

“N kò sọ nǹkan kan.”

“Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!”

“Eruku ni.” Ó nu ojú. “Eyínfúnjowó ńkọ́?” Mo fi hàn án. “Ọkọ rẹ ńkọ́?” Mo ní n kò tíì rí ẹyẹ tó máa ń lọ tí kì í tètè dé bíi tirẹ̀. Ó kùn. Ó wá ní, ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀, “Èmi dà?”

“Ẹ kò sí níbẹ̀, Ìyá. Ta ni mí tí n óò fún ìyá ọkọ lórúkọ?”

Ó yí sí mi. Mo ti rí ojú yẹn rí lára àwọn oníbàárà tí wọ́n dé nígbà tí ọjà tán. “Gbogbo ọmọ mi wà nínú omi, wọ́n ń jẹun, èmi nìkan lo fi sílẹ̀ sókè?”

Nígbà náà ni agùfọn kan jáde láti inú koríko lápá kejì. N kò rí i níbẹ̀ rí. Ẹyẹ gíga, dúdú, tí ìyẹ́ góòlù dúró lórí rẹ̀ bí adé, tó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ìyá na ìka sí i.

“Èyí ni èmi.”

Ìbàdíàrán di apá rẹ̀ mú. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má sọ ọ́!”

“Mo ti sọ ọ́. Bí ohun tó o wí bá jẹ́ òótọ́, kí wọ́n wá mú mi. Mo ti gbó. Kí wọ́n fi èmi rọ́pò ọmọ mi.” Ó gbé ohùn sókè, Ìyá tí kì í pariwo: “Ìwọ aládé! Èmi nìyẹn o!”

Agùfọn gbé orí sókè. Ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta omi sókè, ó na apá, ó ké bí fèrè tó ti sán, ó gbéra. Ó gba orí wa kọjá, ó gba orí igi èmì, ó ń lọ, ó ń kéré sí i. Ìbàdíàrán ti dì mọ́ mi láìmọ̀. Èmi náà dì í mú. A ń wo Ìyá bí ẹni wo ògiri tó fẹ́ wó.

Ìyá wo ẹyẹ náà títí ojú rẹ̀ kò fi mú un mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó dúró, ó ń gbọ́ nǹkan kan nínú ara rẹ̀. Akọ̀wé ṣì wà lórí ẹní lọ́jọ́ náà o. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jókòó mu ògì. Ẹ má rò pé ara rẹ̀ tó yá ló gbà mí.

Ìyá ní, “Mo ṣì wà ńbí.”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó tún un wọ̀.

Ó ní, “Ebi sì ń pa mí. Ìyàwó, ọbẹ̀ wo lo sè sílẹ̀?”